Níbi Tí Ọkọ̀ Ti Ń Dúró De Omi

Bọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án já wa sílẹ̀ ní Tomonoura.
Bàbá mi di ike oúnjẹ mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó.
Àtẹ̀gùn òkúta ń sọ̀kalẹ̀ wọnú òkun:
ìkẹta ti rì,
ìkẹrin di ti ẹja.

"Ibí lọkọ̀ ìgbàanì ti ń dúró," ni Bàbá wí,
"kí omi yíjú padà kí wọ́n tó lọ."
Ó ti sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì.
Ó tún un sọ nídìí àtùpà òkúta.
Mo ní, "Ṣé lóòótọ́?"
bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Hisano arúgbó ń sá ẹja wẹ́wẹ́ lẹ́bàá ògiri,
ó bù fún wa, kò gbowó.
"Ẹ má kánjú," ló wí, "òkun kì í báni kánjú."
Kò tíì pa ẹnu dé tí àwòdì fi bà fìrì,
ó já tèmi gbà lọ́wọ́ mi.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó pè mí ní Natsue.

Orúkọ ìyá mi ni.
Mo jẹ́ ẹ.

Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin dé, ó lọ.
Ti aago márùn-ún náà lọ.
A jókòó sórí àtẹ̀gùn kejì, bàtà lọ́wọ́,
à ń wo omi.
Kò tíì yíjú.