Irin A Máa Wú Lọ́sàn-án

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mo ti sọdá títì l'Ágbowó,
mo dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì.
Àpò mi wúwo: ìwé ìṣirò kan, búrẹ́dì àná,
irin róbótó mọ́kànlá tí mo fi àkísà dì
bí ẹni pọn ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọlọ́dẹ ní, "Kí lo gbé?"
Mo ní, "Iṣẹ́ ilé-ìwé ni."
Ó gbé ọ̀kan, ó fọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀,
ó ní, "Èyí kì í ṣe ìwé o."
Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìwé ni.

Ọdún méje ni mo fi dúró nídìí léètì ní Géètì,
ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Láníyonu,
lẹ́yìn àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀,
níbi tí òróró ti di ilẹ̀,
tí ilẹ̀ sì ti di òróró.
Wọ́n ní obìnrin kì í ṣe tọ́nà.
Ẹnu wọn là sílẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó padé.

Nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù másításì,
Bàbá ò bínú, kò sì yọ̀.
Ó fi àtàǹpàkò ra ojú irin tó ń gé lọ́wọ́.
"Móradéún, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ níbẹ̀
tí irin ò tíì sọ fún ẹ?"
Mi ò lésì. Mo lọ san owó.

Kíláàsì wa: àwa mẹ́sàn-án, fáànù kan.
Dókítà Ọdẹ́wándé kọ ìṣirò títí ṣọ́ọ̀kì fi tán.
Ó ní, "Ohun tí kò bá dọ́gba, ìdí ń bẹ. Ẹ wá a.
Ẹ má sì fojú díwọ̀n mọ́."
Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àtàǹpàkò kan
tó mọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà
bí ahọ́n ṣe ń mọ iyọ̀.

Ìbéèrè mi ò tóbi:
kí ló dé tí ọ̀pá tí a gé láàárọ̀ ní Géètì
ń wọ bíárín pinpin,
tí tọ̀sán ń mì nínú rẹ̀ bí eyín arúgbó?
Ọgọ́fà ọ̀pá ni mo wọ̀n, oṣù mẹ́rin.
Iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka maikirómítà.
Iná dé, mo ti sùn lórí tábìlì.
Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, nọ́ńbà là mí lójú:
oòrùn gun páànù, irin wú,
a gé e ní wíwú,
ó tutù tán, ó sún kì.

Mo kó sínú Máíkírà kan. Ó gba Bódìjà, ó gba Sẹkitéríàtì,
eékún ẹlòmíì ń gún mi, inú mi ń dùn.
Mo tẹ́ ìwé síwájú Bàbá,
mo fi ìlà pupa hàn án, bó ṣe ń gòkè láti aago mọ́kànlá.
Ó wo ìlà. Ó wò mí. Ó nu ọwọ́, ó mu omi.
"Irin a máa wú lọ́sàn-án," ló wí.
"Kí lo rò pé ó ń jí mi gé iṣẹ́ bíárín ní kùtù,
tí mo fi ń fọ̀sán gé ìkọ́ ilẹ̀kùn?"

Mo jókòó sórí àpótí irin.
Ọdún méje, mo rò pé ọjọ́ orí ló ń jí i.
"Ẹ ò sì sọ fún mi?"
"Owó ọkọ̀ nìkan lo máa ń bi mí."

Dókítà ní, "Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?
Kọ orúkọ, ọdún, ojú ìwé."
Mo kọ ọ́: Láníyonu. Ọdún: n ò mọ̀. Ojú ìwé: àtàǹpàkò.
Ó fi bírò pupa fa méjì nínú rẹ̀ nù.
Ó fi orúkọ sílẹ̀.

Témómítà tí mo so mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù,
Bàbá kì í wò ó. Ó ní ó ń purọ́ díẹ̀.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tú u, mo gbé e lọ sí lábì,
mo fi wé èyí tí a fọkàn tán.
Ó ń purọ́ díẹ̀.