Àga Tí Wọ́n Fi Ta Mí Lọ́rẹ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sórí àga kan
ní yàrá fáìlì, ní ìjọba ìbílẹ̀, ní Ẹ̀fọ̀n.
Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìntì, wọ́n fi ọ̀rá wé e,
wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn,
wọ́n ní, "Bàbá Fápohùndà, ẹ máa gbé e lọ, ẹ̀yin lẹ ni ín."
Mo dúpẹ́. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
mo jókòó, mo kọjú sí òkè.

Òkè Ẹ̀fọ̀n ò kúrò níbi tó wà.
Èmi ni mo kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Ní kékeré, kí kùrukùru tó ká,
a ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì lọ pọnmi,
èmi àti Ọmọ́yẹni ẹ̀gbọ́n mi;
a ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú garawa lórí, omi ń ta sí wa lójú,
àyà wa ń sọ kì-kì-kì,
ẹ̀rín ò sì jẹ́ ká mí dáadáa.

Nígbà tó yá, mo ra máṣíìnì.
Máṣíìnì dé ọ́fíìsì, máṣíìnì dé ṣọ́ọ̀ṣì,
máṣíìnì dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ìkoríta,
ẹni tí mo bá tutọ́ láti ẹnu ọ̀nà mi, ó lè bà á.
Iyán aago mẹ́sàn-án alẹ́:
òkèlè ìkẹyìn ò tíì kọjá ọ̀fun, mo ti ń hanrun.
Bẹ́líìtì mi ní ihò márùn-ún.
Mo lò wọ́n tán, mo fi ìṣó lu ẹ̀kẹfà.
Ìyàwó mi ní, "Ara ń tù yín."
Mo gbà á gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní ni kò gbà.
Ó di aṣọ mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó fún,
ó wo òǹkà, ó tún un dì.
Ó gún mi lọ́mọ-ìka, ẹ̀jẹ̀ yọ bí orí ìṣáná;
ó mú téèpù aránṣọ, ó fi yí ikùn mi ká.
Kò pariwo. Ó ní,
"Bàbá, ṣúgà ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ yín bí àlejò
tó kan gbogbo ilẹ̀kùn, tí ẹnìkan ò ṣí fún un.
Iṣan ẹsẹ̀ yín ló yẹ kó ṣí i. Ó ń sùn.
Ọkàn yín ló wá ń ti ẹ̀jẹ̀ gun òkè tọ̀sán-tòru,
torí ẹ̀yin fúnra yín kọ̀, ẹ ò gùn ún."

Ó fún mi lóògùn. Mò ń lò ó; n kì í ṣe òmùgọ̀.
Ṣùgbọ́n ó kọ ọ̀rọ̀ kan sáàárín orúkọ àwọn oògùn náà:
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀. Lójoojúmọ́.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, mo dé iwájú ilé Jẹ́gẹ́dẹ́ téló,
mo dì mọ́ òpó iná.
Ajá rẹ̀ wò mí, ó gbójú kúrò, bí ẹni ń bá mi tijú.
Ọmọ́yẹni ń ti oko bọ̀, igi ìdáná lórí,
ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kò mí hẹlẹ.
Ó ní, "Àbúrò, kí lo sọnù sínú òpó?"

Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kọjá òpó.
Oṣù kejì, mo dé ibi àpáta tí omi ti ń sun.
N ò ní purọ́: mo ṣì ń jẹyán. Èkìtì ni mí.
Ọ̀sán ni mo ń jẹ ẹ́ báyìí, òkèlè kéré, ẹ̀fọ́ pọ̀,
mo sì ń kí iyọ̀ lókèèrè.
Àwọn alẹ́ kan wà tí mo ṣe bíi tàtijọ́;
bílẹ̀ bá mọ́, òkè á ti gbọ́,
orúnkún mi ni yóò ti bá mi sọ ọ́.

Lánàá, Nọ́ọ̀sì tún di aṣọ mọ́ mi lápá.
Ó wo òǹkà. Kò tún un dì.

Àga ńkọ́? Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Adìyẹ ìyàwó mi ti yé ẹyin méje sínú fóòmù rẹ̀ tó ya,
ó sàba, kò fẹ́ dìde fẹ́nì kan.
Mo ń kí i láràárọ̀ bí mo bá ń jáde:
òun nìkan ló nídìí tó fi jókòó.