Gíráàmù Márùn-ún

Ní Òkè-Àdó, níbi tí páànù ti ń ké kí òjò tó balẹ̀,
ibẹ̀ ni Ọ̀gá Lásùnkànmí pa àtíbàbà sí
lọ́dún tí mo wọṣẹ́.
Irin gígùn méjì, òòlù onírọ́bà kan,
abọ́ omi ọṣẹ, òkúta tí a fi ń dí ẹsẹ̀ ọkọ̀:
gbogbo ohun ìní wa nìyẹn.
Ọ̀gá á gun orí táyà, á fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí etí rẹ̀ á fi já,
á ní, "Fárónbí, omi ọṣẹ dà?"

Ọdún kẹta ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dé,
tòkúnbọ̀, pupa, ó na apá bí ẹni fẹ́ fa ènìyàn létí.
Ó ń bọ́ táyà lára ríìmù bí ẹni ń bó ọsàn.
Ẹsẹ̀ takisí, ẹsẹ̀ jíípù ńlá,
kò sí èyí tí kò lè gbé mì.
Ọ̀gá pa adìẹ méjì.
Ó ní eegun ẹ̀yìn òun ti tọrọ ìsinmi, òun ti fún un.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èkejì dé,
èyí tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bírí
tí ń sọ ibi tó ti fúyẹ́.
Owó pọ́ọ́kú ló fi rà á lọ́wọ́ opó kan ní Apáta.
Kò na okùn sí i. Kò bi í pé
báwo ni àyà rẹ ti fẹ̀ tó?
Irin ni irin, ló wí.

Ọjọ́bọ̀ kan, Àlàájà Sìdíkátù oní-sìmẹ́ńtì gbé jíípù dé,
táyà tuntun mẹ́rin nínú búùtù.
Kó tó mu omi inú ọ̀rá tán, ẹ̀rọ pupa ti wọ̀ wọ́n tán.
A gbé ẹsẹ̀ kìíní lọ bá èkejì.
Kóònù rì sínú ihò ríìmù, kò kan ibì kankan,
ìdérí kò pa dé,
ojú rẹ̀ kọ nọ́ńbà tí kò jọ nọ́ńbà.
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí à ń rín níwájú oníbàárà.
Ó mú òjé, ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó kàn án mọ́ ọn.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Àlàájà fi padà.
Kò pariwo.
Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n:
"Báyìí ni sítíárìn ṣe ń ṣe mí láti Tóògéètì."
Òrùka wúrà ń lu òrùka wúrà.

Èmi ni mo yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọdá títì, lọ́kọ̀ọ̀kan,
lọ sọ́dọ̀ Gbádégẹṣin tí a kì í kí.
Kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó ní,
"Lásùn, bí ọ̀kan bá ń gbé òkèlè mì,
tí èkejì ń jẹ èérún,
ta ni yóò palẹ̀ àwo mọ́?"
Ọ̀gá sanwó. Kò dá a lóhùn.

Oṣù mẹ́jọ la fi kówó jọ.
Lọ́jọ́ tí a máa lọ ra òmíràn,
Ọ̀gá já okùn tí ìyàwó rẹ̀ fi ń sá aṣọ,
ó fi wọn ẹnu ẹ̀rọ pupa,
ó ta kókó kan fún fífẹ̀, ó ta kókó kan fún gíga.
Ẹni tó ń tajà ń pọ́n ọjà rẹ̀;
Ọ̀gá ń na okùn.

Wọ́n kọjú síra wọn báyìí. N ò pè wọ́n ní ìbejì.
Ọ̀kan ń ké, èkejì ń kùn,
àwọ̀ wọn ò jọra rárá.
Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan bá sọ̀, èkejì á gbé e.

Òjé ọjọ́ náà ṣì wà lápò mi,
èyí tí mo yọ lára ríìmù Àlàájà.
Gíráàmù márùn-ún. Kò wúwo tó ìbọ̀sẹ̀ ọmọ jòjòló.
Bí mo bá fẹ́ fi ojú wọn nǹkan,
mo máa ń ki ọwọ́ bọ àpò ná.