Àwo Kẹfà

Ṣówùnmí, gba kọ́kọ́rọ́.
Bíréèkì dára. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ń jò díẹ̀díẹ̀,
ìyẹn, o lè mú un dé ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà ní Pánṣẹ́kẹ́.
Ti ẹ̀rọ orin ni mo fẹ́ kí o jókòó gbọ́.

Àwo ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe àwo ọbẹ̀:
má fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú.
Etí rẹ̀ ni kí o fi ìka dì,
bí ẹni ń gba owó tútù lọ́wọ́ ẹlẹ́ja.

Eruku Abẹ́òkúta, òkúta ni kó tó di eruku;
kò gbàgbé bí a ṣe ń ha nǹkan.
Bí ó bá bà lé àwo, má fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun láti Ìtòkú nù ún,
ẹ̀kọ tó mú aṣọ le á fi àpá sílẹ̀ bí èékánná.
Àkísà mi wà lábẹ́ ìjókòó, àdìrẹ àtijọ́,
aró rẹ̀ ti ṣá, ó rọ̀ bí etí ewúrẹ́.
Láti àárín ni kí o ti nù ún wá sí etí.
Má nù ún yípo. Èmi nù ún yípo rí,
mo sì pàdánù àwo méjì tí mo fowó epo rà.

Má lẹ bébà orúkọ mọ́ ọn lẹ́yìn.
Tí o bá ń dúró de èrò ní Kútọ̀ lọ́sàn-án gangan,
oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù, bébà á ká sínú ẹ̀rọ,
Ládépò oníṣẹ́ iná á wá tú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ
bí ẹni ń tú ìfun adìẹ.
Má ki méjì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
Má ki nǹkan mìíràn bọ̀ ọ́. O ń rẹ́rìn-ín?
Àbúrò rẹ ki bísíkíìtì sí i nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta,
èèrà ló gbọ́ orin jù lọ́sẹ̀ yẹn.

Láàárọ̀ tí ìrì bá bo dígí,
ojú tó wà nínú ẹ̀rọ náà ti ṣú. Má kánjú.
Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó nu ojú ara rẹ̀.

Márùn-ún àkọ́kọ́, orin ni. Tìrẹ ni wọ́n,
bí o bá fẹ́, kó wọn dà nù.
Ìkẹfà, ìyá àgbà rẹ ni.
Tíṣà ni ní Ìjẹ̀mọ̀. Lọ́dún tí ọ̀fun ń dùn ún,
ó ka àpèkọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún kíláàsì kẹrin;
ọmọkùnrin kan ní Sápọ̀n ló bá mi kọ ọ́ sínú àwo
lẹ́yìn ọdún méjì tí a sin ín.

Èkíní: ilé-ìwé. Èkejì: ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀kẹta: afárá.
Èrò tó ń ṣàròyé owó ọkọ̀ á dákẹ́.
Mo rí lọ́yà kan tó ń fi ìka kọ ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ sórí itan,
ó fojú fo gbogbo àmì orí rẹ̀.

Àpá kan wà lára rẹ̀. Ọwọ́ mi ló dá a,
mi ò ní í sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.
Tí ọkọ̀ bá ti fò lórí irin reluwé ní Láfẹ́ńwá,
tí o rí odò Ògùn níwájú,
ibẹ̀ ló máa ń kọ́: afá, afá, afá.
Ládépò ní òun lè fi ọṣẹ ìfọyín ra á títí á fi dán.
Mo fún un lówó ọtí, mo ní kó máa lọ.

Má tẹ nǹkan kan. Má lù ú.
Fi gíà sí méjì,
jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn máa fọn fèrè wọn.
Ìgbà tí táyà iwájú bá kan ọ̀dà ní òdì kejì
ni yóò tó wí i tán:
rá.
Á wúkọ́. Á ní, "Ṣé ẹ ti kọ ọ́?"

Èmi máa ń dá a lóhùn.
Táyà ẹ̀yìn yẹn, má gbàgbé.