Òrúrù Ẹ̀yìnkùlé

Ogójì ọdún ni mo fi wọn ilẹ̀ Ìbàdàn,
láti Mọ́kọ́lá dé Apẹ̀tẹ̀.
Mo ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, mo fa ìlà tó gún,
ọmọ ìyá méjì sì bá ara wọn dé kóòtù
nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan péré.

Ní báyìí, mo jókòó lẹ́yìnkùlé l'Ókè-Àrẹ̀mọ,
omi kún ife tíì mi,
mo di búrọ́ọ̀ṣì mú bí eegun ẹja.
Mọníṣọ́lá, ọmọ ayálégbé mi, ní:
"Bàbá, ẹ má ya ewé.
Ẹ ya afẹ́fẹ́ tó ń dà á láàmú."

Mo ya òrúrù. Ó rí bí òpó iná.
Ó rẹ́rìn-ín, ó da omi sórí bébà.

Ni pupa bá sá kúrò nínú òdòdó,
ó wọlé àwọ̀ ewé láìkanlẹ̀kùn,
ó ṣàn dé orí páànù tó ti dípẹtà,
ó ń tàn kálẹ̀ bí àṣírí.
Ọwọ́ mi ń wá rúlà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán.
Ẹ̀kán kan bọ́ sáàárín ẹ̀ka, ojú ibẹ̀ funfun.
Mo fẹ́ nù ún.
Mo fi í sílẹ̀.
Ẹ̀gà kan máa ń bà níbẹ̀ láàárọ̀.