Ilẹ̀kùn Oṣù Karùn-ún

Gríma, a-tẹ-ilẹ̀-bí-ẹni-tẹ-òwú,
o tún ti dúró ti ilẹ̀kùn.
Aago méjìlá òru ku díẹ̀,
oòrùn ṣì ń fì létí òkun
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.
Ní àríwá Aisilandi níhìn-ín
ìparí oṣù Karùn-ún kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú,
ohùn tìrẹ náà kò sì jẹ́ kí n sùn.

Mo mọ ohun tí ò ń sọ.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣí i fún ọ láì bi ọ́ léèrè.
Mo ní: ẹranko ni, ìta ló ni ín.
Mo ní: ta ní í so afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀?
Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé,
mo mọ bí a ti í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìmẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀.

O máa ń mú ẹ̀bùn wálé.
O gbé eku dé, mo yìn ọ́.
O gbé ẹyẹ kékeré kan dé, abẹ́ apá rẹ̀ pupa,
ọrùn rẹ̀ ṣì gbóná.
Mo fi ìwé ìròyìn wé e, n kò yìn ọ́, n kò bá ọ wí.
Mo fọwọ́, mo po kọfí.

Àwọn àgbà ní bí ológbò bá re àjò,
ilé á di ilé èkúté.
Wọn ò sọ ohun tí etídò ń dà
bí ológbò bá ń re àjò lálaalẹ́.

Ketill ló wá sọ ọ́,
Ketill tó ń ṣọ́ ìtẹ́ pẹ́pẹ́yẹ òkun.
Kò pariwo. Ó na fìlà rẹ̀ sí mi,
ẹyin márùn-ún ló wà nínú rẹ̀,
wọ́n tutù bí òkúta inú omi.
Mo ní, "Ìyá wọn ńkọ́?"
Ó gbójú sókè wo fèrèsé mi,
níbi tí o jókòó sí, tí ò ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fa aṣọ ìbora dé àgbọ̀n.
Ìyẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú rẹ̀,
èyí tí ìyá ń fẹnu ara rẹ̀ tu
kí ẹyin má baà rí òtútù.
Ìwọ náà sùn lé e lórí, ò ń hanrun.

Mo ra ṣaworo sí ọ lọ́rùn.
Ọ̀sẹ̀ kan lo fi kọ́ bí a ti í rìn tí ṣaworo ò ní í ké.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú pè wá jọ,
Sólrún sunkún, ó ní ẹ̀wọ̀n ni.
Oddur, tí kò sin nǹkan kan rí, pàtẹ́wọ́ jù.
Mo rántí ẹ̀gbọ́n rẹ, Skuggi,
tí ọkọ̀ akẹ́ja tẹ̀ pa lójú títì,
tí a ò mọ̀ títí yìnyín fi yọ́.
Mo nawọ́ sókè. N kò wojú ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ni mo ṣe ta wáyà yí ẹ̀yìn ilé ká,
tí mo gbé igi tí òkun gbé wá síbẹ̀ fún ọ láti gùn.
Nítorí náà ni obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin
ṣe ń fa okùn kiri ilé lóru,
tí orúnkún rẹ̀ ń ké ju ṣaworo rẹ lọ.
O máa ń lé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta,
lẹ́yìn náà o óò wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

Ó dáa. Bínú.
N kò ní sọ fún ọ pé o ṣẹ̀; ológbò ni ọ́.
Èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Wò ó, wọ́n ń kọjá lọ sómi:
ìyá kan, ọmọ mẹ́rin, ìkarùn-ún ń sáré bọ̀ lẹ́yìn.
Eyín rẹ ń gbọ̀n lójú fèrèsé.
Èmi náà ò lè mí.

Ó ti wọ omi.

Máa họ ilẹ̀kùn, Gríma. Họ ọ́ dáadáa.
Ọ̀dà wà nínú àjà.
Pákó ni ilẹ̀kùn, a lè tún un kùn.