Ẹni Tó Ń Wọn Òjò

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì,
bàbá mi ti wọ bàtà rọ́bà,
ó ti forí lé oko ìdánwò lọ́nà Ìlárá,
ó ń lọ wo iye òjò tó rọ̀ lóru.

Wọn a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà:
"Dísù, ẹni tó ń wọn òjò!
Ṣé Ọlọ́run jẹ ọ́ ní gbèsè ni?"

Kì í dá wọn lóhùn.
Ó ní agolo bàbà kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láàárín pápá,
ó ní ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fa ìlà sí lára,
ó ní ìwé elẹ́yìn dúdú, ó fi okùn so pẹ́ńsùlù mọ́ ọn
kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà má baà gbé e lọ.
Kọ́kọ́rọ́ ọgbà sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Odùlàjà, ọ̀gá oko, ti Ìbàdàn dé
pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tí kò lórúkọ.
Nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́, bí ẹlẹ́wọ̀n.
Àwọn ìyá wa yí wọn po, wọ́n yọ ṣùtì:
"Èyí tí kò lórúkọ, bó bá sọ nù, kí la ó fi pè é?"
Ìyá Múínà tó ń yan gàrí ló sọ wọ́n lórúkọ.
Mẹ́rìnlélógún, tí ewé rẹ̀ ń ká kò bí etí ajá,
ó pè é ní Kò-gbọ́-tẹnu-ẹni.
Mọ́kànlá, tó kàn ń ta nílẹ̀ láìṣe fújà lókè,
ó pè é ní Dákẹ́jẹ́ẹ́.
Kò pẹ́, ọ̀gá pàápàá ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé:
Dákẹ́jẹ́ẹ́, tọ́ọ̀nù mẹ́fà ní éékà kan.

Ọwọ́ mi ni àwọn ìwé náà wà báyìí.
Mọ́kàndínlógún. Ikán ti jẹ etí ọ̀kan,
kẹrosínì ti ta sí òmíràn.
Ìkọ̀wé rẹ̀ rí wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà:

Ajé, mílímítà méjìlá.
Ìṣẹ́gun, òfo.
Ọjọ́rú, òfo. Eṣinṣin pọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bí mi:
mílímítà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Afárá wó. Obìnrin ni.
Ó fàlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
N kò tíì mọ̀ dòní bóyá afárá ló ń fàlà sí
tàbí èmi.

Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, òjò kò rọ̀.
Ó kọ òfo.

Ìjọba yí padà. Owó oṣù kọ́kọ́ ń pẹ́,
lẹ́yìn náà kò pẹ́ mọ́, nítorí kò wá mọ́.
Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Odùlàjà kó ẹrù sínú lọ́rì,
ó bọ bàbá mi lọ́wọ́, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́.
Àwọn obìnrin gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé lóru,
wọ́n gé igi ẹ̀gẹ́, wọ́n dì í nídìí-nídìí,
ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Ejìnrìn, ó gbé e dé Agbówà.
Olè jí agolo bàbà, ó tà á fún alágbẹ̀dẹ.

Bàbá mi mú agolo mílíìkì, ó mú rúlà iléèwé mi,
ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá.
Mo bi í pé ta ló ń kọ ọ́ fún.
Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, níbi tí irin náà wà:
"Wọn ò tíì wá gba kọ́kọ́rọ́."

Ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí,
ọ̀dẹ̀ kan jókòó sẹ́nu géètì, kò mọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra igi ẹ̀gẹ́ lọ́jà Ejìnrìn.
Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé irú wo ni.
"Dákẹ́jẹ́ẹ́ ni, Màmá. Ti àwọn baba ńlá wa ni,
láti ìwáṣẹ̀ ló ti wà."
N kò bá a jiyàn. Mo ka owó fún un.
Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, àwọn ènìyàn ń sá wọlé,
ojú mi sì ń wá agolo nílẹ̀.